Èdè-Ìperí fún Yíyọ Ohun tí Ọmọdé Gbé Mì

Láàrin ọmọ oṣù 6 àti ọmọ ọdún 3 ni gbígbé ohun tí kì í ṣe oúnjẹ mì ti wọ́pọ̀ jù lọ, owó onírin ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé mì. “Owó onírin” ni ó yẹ kí olùtumọ̀ lò, kì í ṣe “owó ẹyọ”, tí ó ń múni rántí owó ayé àtijọ́.

Bí òbí bá ní nǹkan wà lọ́fun ọmọ, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tó fún oníṣègùn. Ọ̀nà méjì ni ó wà níbẹ̀: ọ̀nà oúnjẹ, tí ó lọ sí àpòlúkù, àti ọ̀nà èémí, tí ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí a lè fi ya ìṣòro wọn sọ́tọ̀. “Há lọ́fun” ni kí ó jẹ́ ti ọ̀nà oúnjẹ: itọ́ a máa dà lẹ́nu ọmọ, kò sì ní lè gbé oúnjẹ mì. “Pá lórí” ni kí ó jẹ́ ti ọ̀nà èémí: ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́ lójijì, mímí a sì nira fún un.

Ní ilé ìwòsàn tí kò ní awònú, ìyẹn ọ̀pá oníná tí a fi ń wo inú ara, rọ́bà Foley lè ṣe iṣẹ́ náà. Rọ́bà tí a fi ń gba ìtọ̀ ni. Ní ọdún 1966 ni F. C. Bigler kọ ìròyìn nípa lílò rẹ̀ fún ọ̀nà oúnjẹ. A ó ti rọ́bà náà kọjá owó, a ó fi omi tàbí afẹ́fẹ́ kún àpò kékeré tí ó wà nítòsí orí rẹ̀, a ó sì rọra fà á padà. Ọmọ ní láti dojú délẹ̀, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ara lọ, kí owó má baà já sí ọ̀nà èémí. “Fífà jáde” ni èdè-ìperí fún èyí. “Títì sísàlẹ̀” ni ti ọ̀pá tí a fi ń ti owó lọ sí àpòlúkù, níbi tí yóò ti bá ìgbẹ́ jáde. “Yíyọ” nìkan kò fi ìyàtọ̀ yìí hàn.

Ohun tí ó ń dán, tí kò ní ẹnu mímú, tí kò sì tíì pẹ́ lọ́fun, ni a ń fi rọ́bà fà, lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ọmọ kò bá lè mí dáadáa, a kò gbọdọ̀ dán an wò.

Bátìrì bọ́tìnnì jọ owó onírin, ṣùgbọ́n nínú àwòrán X-ray, òrùka méjì ni etí rẹ̀ máa ń fi hàn. Láàrin wákàtí 2 ó lè ba ọ̀nà oúnjẹ jẹ́ gidigidi. Olùtumọ̀ kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé “omi bátìrì jò” nìkan: iná mànàmáná inú rẹ̀ ni ó ń sọ omi ara di èròjà tí ń jẹ ẹran ara, àní bí kò bá tilẹ̀ jò.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni èyí: “Ṣé ó há a lọ́fun ni, àbí ó pá a lórí?”