Ẹ̀kọ́ Kẹfà: Ewé Wo Ni Ẹja Kò Ní Jẹ?

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, àwọn kan máa ń sin ẹja sínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, kí ojú lè máa rí ohun tó dára wò. Ẹni tó bá gbin ewéko tútù sínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè jí lọ́jọ́ kẹta kí ó rí i pé ewé ti di jágajàga, gbòǹgbò sì ti léfòó. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni pé ẹja náà burú, kí á tà á. Ṣùgbọ́n ẹja kò ṣe ju ohun tí ẹja ń ṣe lọ. Ọwọ́ ẹni tó yan ewéko ni àtúnṣe wà: ẹni tó bá mọ ohun tí ẹja ń wá lára ewé yóò mọ èyí tó yẹ kí òun gbìn, àti bí òun yóò ṣe gbìn ín.

Ọ̀nà méjì ni ẹja ń gbà ba ewéko jẹ́. Èkíní ni oúnjẹ. Goldfish àti oríṣi epìyà kan fẹ́ràn ewé tó rọ̀. Coptodon zillii, epìyà kan tó wà nínú odò ilẹ̀ wa, mọ koríko jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kó o lọ sí California ní Amẹ́ríkà, kí ó lè máa jẹ koríko tó ń dí ọ̀nà omi oko. Èkejì ni ilé kíkọ́. Ẹja tí wọ́n ń pè ní Oscar, ìbátan epìyà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ewé, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ yé ẹyin, yóò hú iyanrìn, yóò sì fa ohunkóhun tó bá dí i lọ́wọ́ tu. Kribensis, ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère tó ti inú odò gúúsù Nàìjíríà wá, náà máa ń gbẹ́ ilẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Nítorí náà, ẹni tó ní kí á sáà bọ́ ẹja yó ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ tàbí kùkúmbà tí a gé wẹ́wẹ́ yóò dín ìjẹkújẹ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja tó yó ṣì lè fẹ́ kọ́lé.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ewé ni ẹja ń jẹ, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ní ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ewéko orí omi tí Òyìnbó ń pè ní water hyacinth ní ìhà Àgbádárìgì. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti pọ̀, ewéko yìí a bo ojú ọ̀sà, a sì dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja. Epìyà pọ̀ nínú omi kan náà, wọn kò sì jẹ ẹ́ tán. Ohun tó ń dín in kù ni iyọ̀ òkun tó ń wọ ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Eyín ẹja kò ràn án. Ẹja ń ṣa ewé jẹ ni, bí àwa náà ti mọ̀ pé kókò tútù ń yúnni lẹ́nu.

Ìbátan kókò gan-an ni ewéko tó yẹ ká wá. Anubias ni orúkọ rẹ̀, ó sì ń hù létí odò abẹ́ igbó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pẹ̀lú. Ewé rẹ̀ le bí awọ, ohun tó ń yúnni nínú kókò sì wà nínú rẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ láàárín àwọn asinja káàkiri ayé, Anubias barteri, ń jẹ́ orúkọ Charles Barter, onímọ̀ ewéko tó bá ikọ̀ arìnrìn-àjò tí Òyìnbó kan, Baikie, ṣe olórí gun odò Ọya ní 1857, tó sì kú sí Rábà ní 1859. Ìdí ewéko náà nípọn, ó sì nà gbalaja bí ata ilẹ̀. Bí a bá rì í mọ́ iyanrìn, yóò rà. Ara òkúta tàbí igi ni kí á fi òwú ìpẹja so ó mọ́, títí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi dì í mú. Ẹja tó ń hú ilẹ̀ kò ní rí nǹkan hú níbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ewéko oníke rọrùn jù. Òótọ́ ni pé ẹja kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n òun náà kì í jẹ ìdọ̀tí. Ewéko tútù ń fa àmóníà tó ń jáde lára ẹja, májèlé sì ni àmóníà fún ẹja. Ẹlòmíràn lè sọ pé Anubias kì í tètè dàgbà, èyí tó ń fà kò sì tó nǹkan. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí á fi àwọ̀n pààlà igun kan, kí á fi ojú oró síbẹ̀, kí ẹja má baà rí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ, kí á sì máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àìyára yẹn náà sì ní èrè: ewéko tí ibòji igbó ti mọ́ lára kò nílò iná púpọ̀, kò sì ní kú bí iná mànàmáná bá lọ.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ewé tí ẹja kì í jẹ, ọ̀rẹ́ ni nínú gíláàsì. Nínú ọ̀sà, ó lè di ohun tí apá kò ká, bí ti 1984. Ẹ má da ewéko tó bá pọ̀ jù sínú gọ́tà, torí ọ̀sà ni omi gọ́tà ń ṣàn lọ. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ, kí ẹ tó dà á nù.

Ìbéèrè
1. Kí ni ọ̀nà méjì tí ẹja ń gbà ba ewéko jẹ́?
2. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ ri ìdí Anubias mọ́ iyanrìn?
3. Ṣé ẹ gbà pé ewéko tútù sàn ju ewéko oníke lọ? Ẹ sọ ìdí yín.