Ẹni Ọmọ Sin Ló Bímọ

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí òwe yìí ń wí, n kò ní fi àlàyé rẹ̀ dá yín dúró. Bí wọ́n ṣe lò ó ní Dọ̀pẹmu níbí ló bí mi nínú. Ìyá aláṣọ kan kú láìbímọ. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbà tọ́ láti kékeré ló ń wẹ̀ ẹ́, ló ń bọ́ ọ, ló rà pósí. Ìsìnkú parí tán, àwọn àbúrò màmá tí a kì í rí dé, wọ́n ní kí ọmọbìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ jáde. Wọ́n pa òwe náà sí i létí, wọ́n ní màmá kò bímọ, ọmọbìnrin náà kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan nínú ilé yẹn.

Ọ̀rọ̀ burúkú ni, ṣùgbọ́n àṣà wà lẹ́yìn wọn. Bí ẹni tí kò bímọ bá kú láìsọ bí a ó ṣe pín ogún rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń jogún rẹ̀. Aya pàápàá kò rí nǹkan mú: ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, Federal Supreme Court sọ pé opó kì í jogún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Ìgbéyàwó kóòtù ní òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ṣe é?

Ohun tó dùn mí jù ni pé màmá rò pé òun ti tún un ṣe. Ó kọ orúkọ ọmọ náà sí ibi "next of kin" nínú fọ́ọ̀mù báǹkì. Ẹ̀yin èèyàn mi, next of kin kì í ṣe àrólé! Ẹni tí báǹkì máa pè bí nǹkan bá ṣe yín ni. Láìsí ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́, owó náà kò ní jáde.

Wíìlì ló yẹ kó kọ. Àwọn kan ní kíkọ wíìlì ń pe ikú. Ìyá yìí kò kọ ọ́, ikú sì dé. Òfin Èkó gbà kí ẹ fi ohun tí ẹ fowó ara yín rà fún ẹni tó wù yín, ẹ bí i o, ẹ kò bí i o. Ilẹ̀ ẹbí ni kò sí ní ìkáwọ́ yín. Ẹ fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí ẹ fẹ́ fún nílé, tàbí ọkọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Bó bá ṣe é, ẹ̀bùn náà ti bọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù lẹ́yìn tí ẹ kọ ọ́, ẹ kọ òmíràn, torí ti àkọ́kọ́ ti di òfo.

Ní ti òwe náà, n kò gbà á tán mọ́. Àwọn ọmọ tí Ẹfúnróyè Tinúbú bí kò yè. Ó kú ní Abẹ́òkúta ní 1887, síbẹ̀ gbàgede tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà láàárín Èkó títí dòní. Ta ló máa sọ pé kò fi nǹkan sílẹ̀? Ìyá aláṣọ náà bímọ, torí ọmọ sin ín. Ṣùgbọ́n òwe kì í jẹ́rìí ní kóòtù.

Ọ́fíìsì Probate wà ní ilé ẹjọ́ gíga Ìkẹjà, kò jìnnà sí wa. Ẹ fi wíìlì yín pamọ́ síbẹ̀, ẹ kọ orúkọ ọmọ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí NIN rẹ̀, ẹ yan alábòójútó tí kò dàgbà tó yín, kí ẹ sì sọ fún un níbi tí ìwé ilẹ̀ wà.