Èrìgì Tí Ń Ṣẹ̀jẹ̀ àti Ehín Tí Ń Mì
Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ogbó nìkan ni ó ń mú kí ehín mì, kí ó sì yọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Bí ebè ti gbé iṣu ró, bẹ́ẹ̀ ni egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbé ehín ró. Nígbà tí egungun yìí bá ń tán lọ ni ehín ń mì. Kí ni ó wá ń jẹ ẹ́? Àwọn àgbà ní, kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Ìdọ̀tí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń lẹ̀ mọ́ ìdí ehín lójoojúmọ́ kún fún àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Bí ènìyàn kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, wọn a máa bí sí i, oró wọn a sì wọ inú èrìgì. Nígbà náà ni ara yóò rán àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ láti bá wọn jà. Ìdí nìyí tí èrìgì fi ń pọ́n, tí ó ń wú, tí ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ogun yìí dára bí ó bá tètè parí. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀ síbẹ̀, ogun kò ní tán. Àgbẹ̀ tí ó ti iná bọ igbó láti lé eku mọ̀ pé iná kò mọ ìyàtọ̀ láàrin eku àti àká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oje tí àwọn ọmọ-ogun ara ń tú jáde ṣe ń ba èrìgì fúnra rẹ̀ jẹ́. Nínú egungun, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti tú èyí tí ó ti gbó palẹ̀, kí àwọn mìíràn lè kọ́ tuntun sí ipò rẹ̀. Bí ogun bá pẹ́, àwọn atúpalẹ̀ a borí àwọn akọ́lé, egungun a sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, nígbà púpọ̀ láìsí ìrora.

Ní erékùṣù Sri Lanka, láti ọdún 1970 dé 1985, àwọn oníṣègùn ṣàkíyèsí ẹnu 480 ọkùnrin òṣìṣẹ́ oko tíì tí wọn kì í fọ ehín. Ìdọ̀tí kún ẹnu wọn, èrìgì wọn sì wú. Síbẹ̀, nínú 100 wọn, bí 8 ni ìdí ehín wọn bàjẹ́ kíákíá, 81 ni tiwọn ń bàjẹ́ níwọ̀nba, àrùn náà kò sì kọjá èrìgì lára 11 yòókù. Ìdọ̀tí kan náà ni, ṣùgbọ́n ara kò jà bákan náà. Ewu náà pọ̀ jù fún ẹni tí ń mu tábà àti ẹni tí kò tọ́jú àtọ̀gbẹ rẹ̀.

Àtúnṣe wà bí ènìyàn bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Denmark, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1965, fi èyí hàn. Ènìyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáká dẹ́kun fífọ ehín; láàrin ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn wú. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, ó san. Ṣùgbọ́n egungun tí ó ti lọ kì í fúnra rẹ̀ padà.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù fi pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ ehín lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́, níwájú àti lẹ́yìn, kí ó sì dé ibi tí ehín ti pàdé èrìgì. Kí ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ má ṣe torí ẹ̀rù fi fífọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà gan-an ni ó ń bèèrè fún un. Ìdọ̀tí tí ó bá ti le bí òkúta, agbára pákò kò ká a mọ́: kí ó tọ oníṣègùn ehín lọ, kí ehín tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì.