Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tó Fẹ́ Ní Ìbọn ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn, ẹ wo ìwé ìgbélùú yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò láyè láti ní ìbọn, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó bá parọ́ nínú Fọ́ọ̀mù 4473, ìwé tí ẹni tó ń ra ìbọn ń kọ lọ́dọ̀ òǹtajà, ẹ̀wọ̀n ló ń wá.

Bó bá tọ́ sí yín, àpótí irin oníkọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìbọn .22, bíi Ruger 10/22 tó jáde ní 1964. Ọta rẹ̀ kò wọ́n, kì í gbá ènìyàn léjìká, ẹ ó sì fi kọ́ bí a ṣe ń fojú sun nǹkan. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ló kàn fún ọdẹ ẹyẹ, bíi Remington 870 tó ti wà láti 1950. Ti àgbọ̀nrín ni ẹ̀kẹta. Ìbọn ìléwọ́ ni kó kẹ́yìn, torí ẹnu rẹ̀ kúrú, ó sì yá láti ṣèèṣì kọjú sí ènìyàn.

Ẹ mú gbogbo ìbọn bí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀. Ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí ẹ kò fẹ́ pa.

Ó lé ní ìdajì àwọn tí ìbọn ń pa ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa ara wọn. Bí ìbànújẹ́ bá wọlé, ẹ tètè kó ìbọn kúrò nílé, kí ẹ sì pe àwa àgbà.