Ẹ Gbé Ọjà Yín sí Oríta: Ẹ̀kọ́ Lórí Bí A Ṣe Ń Fi Ìlà Gé Fótò Ọjà

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ta aṣọ òkè. Ọ̀kan nínú wa fi fótò aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ lórí WhatsApp. Nítorí pé ó fẹ́ kí aṣọ nìkan hàn, ó gé fótò náà, àmọ́ ó gé e débi pé etí aṣọ tó ní iṣẹ́ ọnà kò sí níbẹ̀ mọ́. Oníbàárà rò pé aṣọ gbalasa lásán ni, ó sì lọ ra ti ẹlòmíràn. Aṣọ dára, owó rẹ̀ kò wọ́n, gígé fótò ló lé oníbàárà lọ. Ìdí nìyí tí a fi ní ká kọ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé nìkan mọ́.

KÍ NI ÀWỌN ÌLÀ YẸN?

Bí a bá ṣí fótò nínú fóònù, tí a tẹ Edit, tí a sì tẹ Crop, férémù kan á yọ yí fótò ká. Bí a bá ti fọwọ́ fa etí férémù yẹn, ìlà tín-ín-rín mẹ́rin á hàn: méjì lóòró, méjì ní ìbú. Wọ́n pín fótò sí ojú mẹ́sàn-án, bí irin ojú fèrèsé. Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé ìlà yẹn á bá fótò lọ sọ́dọ̀ oníbàárà. Rárá o. Bí a bá ti tọ́jú fótò tán, ìlà á lọ.

Ibi tí ìlà méjì ti pàdé, oríta ni. Oríta mẹ́rin ló wà nínú fótò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹni tó bá gbé igbá sí oríta, èrò tó ń lọ àti èrò tó ń bọ̀ ló máa rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú fótò: ohun tó bá wà nítòsí oríta máa ń tètè fa ojú. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. John Thomas Smith, ayàwòrán kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè é ní òfin ìdá mẹ́ta nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1797, kí ẹnikẹ́ni tó ya fótò láyé.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

1. Ẹ kọ́kọ́ mú fótò tọ́. Aṣọ òkè onílà, bí fótò rẹ̀ bá wọ́, á dà bíi pé ahunṣọ ló hun ún wọ́. Ẹ yí fótò díẹ̀díẹ̀ títí etí aṣọ tàbí etí tábìlì á fi bá ìlà ìbú dọ́gba.

2. Ẹ bi ara yín pé, kí ni mò ń tà gan-an? Òun ni kí ẹ gbé sí oríta. Bí ó bá jẹ́ bàtà, ẹ jẹ́ kí imú bàtà wà ní oríta apá kan, kí àyè díẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ tí a ká gèlè lé lórí, ẹ jẹ́ kí gèlè bọ́ sí oríta òkè.

3. Kí ẹ tó tọ́jú fótò, ẹ fi ojú yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ṣé a ò gé etí aṣọ? Ṣé a ò gé ọwọ́ àpò? Ohun tí oníbàárà kò bá rí, kò ní sanwó fún un.

4. Ìlà kì í ṣe òfin ìjọba. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan tí a yà láti òkè lè jókòó sí àárín, kó sì dára. Fótò ojú WhatsApp yín sì rèé, àárín náà ló yẹ ẹ́, nítorí róbótó ni wọ́n máa ń fi hàn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì lọ.

5. Ẹ má gé àgéjù. Àwọn àmì kéékèèké ló para pọ̀ di fótò. Bí fótò bá ní mílíọ̀nù 12, tí a sì gé ìbú rẹ̀ dé ìdajì, tí a gé òró rẹ̀ náà dé ìdajì, mílíọ̀nù 3 péré ló kù. Bí oníbàárà bá wá fẹ̀ ẹ́ láti wo iṣẹ́ ara aṣọ, gbogbo rẹ̀ á ṣú. Ẹ kúkú sún mọ́ ọjà kí ẹ tó yà á.

6. Ẹ tọ́jú ojúlówó fótò. Níbi tí ẹ bá ti rí Save copy, òun ni kí ẹ tẹ̀. Ọjọ́ mìíràn lè dé tí oníbàárà á ní òun fẹ́ rí odindi.

Àwọn ọmọ wa tó ń fi Lightroom ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lè tẹ R láti gé fótò, kí wọ́n sì máa tẹ O láti pààrọ̀ irú ìlà tó ń hàn. Àmọ́ ojú mẹ́sàn-án yìí tó ọjà wa ṣe.

GÍGÉ KÌ Í ṢE ÌBÒJÚ

Ibí yìí la fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Ohun tó yẹ ká gé kúrò ni gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀, ẹsẹ̀ aládùúgbò, àti ojú ọmọ ọlọ́mọ. Àbùkù ọjà kò sí nínú rẹ̀ o. Bí aṣọ bá ní àbàwọ́n létí, tí a gé etí yẹn kúrò nínú fótò, ẹ̀tàn nìyẹn, a ò sì gbọdọ̀ pè é ní ọgbọ́n. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí a fi ọjà tan ènìyàn. Kó tó di ti òfin pàápàá, oníbàárà tó bá rí àbàwọ́n yẹn nílé kò ní padà wá mọ́, ó sì máa kó àwọn mìíràn lọ. Ẹ ya àbùkù náà lọ́tọ̀, ẹ fi hàn án, kí ẹ sì dín owó. Ẹni tó mọ̀ kó tó rà kì í bá wa jà.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Kí oníkálukú ya ọjà kan ní ìsọ̀ rẹ̀, kó gé e lọ́nà méjì: ọ̀kan kí ọjà wà ní àárín gbùngbùn, ìkejì kó wà ní oríta. Ẹ mú méjèèjì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó jọ wò ó, a ó sì bi ara wa pé, èwo nínú méjèèjì la máa fi owó wa rà?

Ọjà á tà o. A ò ní tà sí gbèsè. Àṣẹ.