Ìfẹ́ ọmọ nìkan kò tó: Ẹ̀kọ́ ìdarí tí oníṣòwò lè kọ́ lára ilé ìtọ́jú ọmọdé

Bí oníṣòwò kan ní Thomas Estate, l'Ájàh, bá gbé àpò ìrẹsì àti páálí ìńdómì lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni iye ọmọ tó wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ló máa ń bèèrè pé, ta ni olórí ibẹ̀? Iṣẹ́ wo ló kọ́? Ta ló sì lè bá olórí náà wí bó bá ṣìṣe? Bẹ́ẹ̀, nínú ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ààbò àwọn ọmọ náà wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìdí rẹ̀ kò le. Bí télọ̀ kan bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, oníbàárà náà yóò gba ọ̀dọ̀ télọ̀ mìíràn lọ. Ọjà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ télọ̀ àkọ́kọ́ lọ́gbọ́n. Ní ilé ìtọ́jú ọmọdé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń mówó wá kọ́ ló ń gba ìtọ́jú. Ọmọ tó ń gba ìtọ́jú kò sì lè di ẹrù rẹ̀ kó gba ibòmíràn lọ. Bí nǹkan bá bàjẹ́, owó ìtọrẹ ṣì lè máa wọlé bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nítorí náà, ohun tí ọjà ń ṣe fún télọ̀, ìdarí tó dára àti òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣe é níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ SOS

Àjọ SOS Children's Villages wà lára àwọn tí orúkọ wọn pẹ́ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1973 ni wọ́n dá abúlé wọn sílẹ̀ n'Ísọlọ̀, l'Ékòó. Hermann Gmeiner, ọmọ orílẹ̀-èdè Ọ́síríà, ló dá àjọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1949, ní ìlú Imst, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Dípò kí wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ sínú yàrá ńlá kan, ó ní kí ọmọ mélòó kan máa gbé ilé kan pẹ̀lú ìyá kan, bí ẹbí, kí ilé bíi mélòó kan sì di abúlé. Èrò náà ràn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 130.

Àwọn ìyá inú ilé wọ̀nyí kì í kàn ṣe obìnrin tó fẹ́ràn ọmọ lásán. Wọ́n máa ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ní olùdarí abúlé àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìfẹ́ ló ń mú ènìyàn wọ iṣẹ́ náà, àmọ́ ẹ̀kọ́ ló ń jẹ́ kó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ tó ń tọ̀ sílé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá lè jẹ́ aláìsàn, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù ohun tójú rẹ̀ ti rí ló ń bà á. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yóò nà án. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yóò wádìí.

Àgbà tó wà lọ́jà ńkọ́?

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bó bá wá jẹ́ pé lọ́dọ̀ àgbà ọ̀hún gan-an ni orí ọmọ ti wọ́ ńkọ́? Ní ọdún 2021, SOS fúnra rẹ̀ jáde wá sọ pé àwọn kùnà láti dáàbò bo àwọn ọmọ kan ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olómìnira kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀, Willy Mutunga tó jẹ́ adájọ́ àgbà Kenya tẹ́lẹ̀ sì ni alága. Ní ọdún 2025, ẹ̀ka Ọ́síríà tún kéde pé ó kéré tán, ènìyàn mẹ́jọ ti fẹ̀sùn kan Gmeiner pé ó hùwà ìbàjẹ́ sí àwọn nígbà táwọn wà lọ́mọdé. Gmeiner ti kú láti ọdún 1986.

Ọ́síríà ni wọ́n ní ẹ̀sùn ti Gmeiner ti wáyé, kì í ṣe Ìsọlọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gbogbo ènìyàn. Níbi tí orúkọ olùdásílẹ̀ bá ti tóbi ju òfin ilé lọ, kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọdé bá sọ nípa rẹ̀.

Ohun tí oníṣòwò lè mú lò

Èkíní, kí a fi iṣẹ́ lé ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni lè jẹ́ olóòótọ́, síbẹ̀ kó má mọ ìwé owó kọ. Bí a bá gba ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí a jẹ́ kó lè sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ má bínú sà, èyí kò ṣeé ṣe," láìsí pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì, kí owó ọ̀gá àti owó iṣẹ́ yà sọ́tọ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ CAMA ti ọdún 2020 kò gba àwọn alámòójútó àjọ aláàánú láyè láti pín owó àjọ bí èrè. Òfin kò de oníṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń ti inú dúrọ́ọ̀ ọjà san owó iléèwé ọmọ kò ní mọ̀ bóyá ó ń jèrè.

Ẹ̀kẹta, kí ọ̀nà ẹjọ́ sísùn má gba ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ilé tó dára máa ń ní ìgbìmọ̀ tó ń bi olórí léèrè ọ̀rọ̀, ọmọ ibẹ̀ sì máa ń mọ ẹlòmíràn tó lè bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta yìí kan ẹni tó ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ tàbí iléèwé kékeré. Ó sì kan ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́, nítorí pé lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ọmọ iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ kò lè tètè lọ bí oníbàárà ṣe ń lọ.

Fún ẹni tó sì fẹ́ fowó ran ilé ọmọdé lọ́wọ́, kó bèèrè ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC kó tó já ìrẹsì sílẹ̀. Kó bèèrè ẹni tó ń yẹ ìwé owó wọn wò, àti bóyá ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀. Kó tún bèèrè ẹni tí yóò máa bá iṣẹ́ lọ bí olùdásílẹ̀ bá rìnrìn àjò fún oṣù mẹ́fà. Olórí tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Èyí tó bá bínú ti dáhùn.