Ebi àti Ìbísí: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí Ń Sin Ewúrẹ́

Ní Aradagun àti ní àwọn abúlé tí ó yí Àgbádárìgì ká, a máa ń rí ewúrẹ́ tí ó ti dàgbà tó láti lóyún, ṣùgbọ́n tí kì í wá akọ. Ẹni tí ó ni ín a wí pé àgàn ni, a sì fà á lọ sí ọjà. Kí ó tó tà á, ó yẹ kí ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ẹran náà ná. Bí ó bá jẹ́ eegun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ bà, ó lè jẹ́ pé ebi ni ó dá ìbísí rẹ̀ dúró.

Àwọn àgbà wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú ara. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni ibi kékeré kan wà tí ń ṣe àkóso ebi, òùngbẹ àti ìbímọ. Láti ibẹ̀ ni ìránṣẹ́ kan ti ń bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Họ́mónù ni a ń pe irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. GnRH sì ni orúkọ èyí. Ó ń lọ sí kókó kan bí ẹ̀wà tí ó so mọ́ abẹ́ ọpọlọ, kókó náà a sì rán họ́mónù tirẹ̀ sí ilé ẹyin abo àti sí kórópọ̀n akọ. Ní 1971 ni Andrew Schally àti Roger Guillemin, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ àti ti àgùntàn mọ bí GnRH ti rí. Wọ́n gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1977. Ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, adìyẹ àti ènìyàn, gbogbo wọn ni ó ní irú họ́mónù yìí.

Báwo ni ọpọlọ ṣe ń mọ̀ pé oúnjẹ tó? Nínú ènìyàn àti ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú, ọ̀rá ara pẹ̀lú ní ìránṣẹ́ tirẹ̀, èyí tí a ń pè ní leptin. Jeffrey Friedman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ni wọ́n rí i ní 1994. Bí ọ̀rá bá gbẹ, leptin a dínkù, GnRH a sì rọlẹ̀. Ẹyin kì yóò gbó. Àwọn èkúté kan wà tí a bí láìní leptin. Wọ́n sanra, síbẹ̀ wọ́n ń jẹun láìdákẹ́, àwọn abo wọn kò sì bímọ. Nígbà tí a fún wọn ní leptin ní 1996, wọ́n bímọ. Ọpọlọ wọn ti ń ṣe bí ẹni pé ìyàn mú, nítorí pé ìròyìn oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èyí kì í ṣe àìsàn. Oyún àti ọmú ń ná ara lówó púpọ̀, àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kò sì ní kó irúgbìn sínú ilẹ̀ nígbà ọ̀dá. Irú ẹja epìyà kan wà nínú ọ̀sà tí akọ rẹ̀ ń kó ẹyin sí ẹnu títí wọn yóò fi di ọmọ, tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun ní gbogbo àkókò náà. Ohun tí ó ti jẹ tẹ́lẹ̀ ni ó fi ń dúró.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí a tó mú òbúkọ wọlé, kí a fi oúnjẹ kún oúnjẹ ewúrẹ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan kò tó. Kí a sá a gbẹ dáadáa nítorí oró inú rẹ̀, kí a sì fi ewé agúnmániyè àti èérí èkùrọ́ kún un. Kí a wo aràn pẹ̀lú, nítorí aràn a máa jẹ oúnjẹ ẹran mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ ọ́ di asanrajù, nítorí ìyẹn náà ń ṣe ìdíwọ́.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn. Ọmọbìnrin tí kò jẹun tó lè pẹ́ kí ó tó rí nǹkan oṣù rẹ̀. Obìnrin tí ó rù jù lè má rí i mọ́. Okun ọkùnrin tí ebi ń pa pẹ̀lú a máa dínkù. Kì í ṣe gbogbo àìrọ́mọbí ni ebi ń fà. Nítorí náà kí ọkọ àti aya jọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe pe obìnrin ní àgàn nígbà tí a kò tíì wo inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.